Kí Ló Dé Tí Wọn Kì í Tètè Rọ Epo Sí Rọ́kẹ́ẹ̀tì?

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì, ọdún 2016, ọkọ̀ ojú omi kan ló da ètò rú ní Cape Canaveral, ní ìpínlẹ̀ Florida. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ti ilé-iṣẹ́ SpaceX ti gbára dì, wọ́n ti rọ ọ́ kún, sátẹ́láìtì SES-9 tó wúwo ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ sì wà lórí rẹ̀. Kò ku ìṣẹ́jú méjì mọ́ kó gbéra ni ọkọ̀ náà yà wọ apá òkun tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má dé. Wọ́n dá aago dúró, wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà rọ́kẹ́ẹ̀tì pa gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì kò tó. Elon Musk, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ṣàlàyé lórí Twitter pé ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ yẹn ni ọ́síjìn inú táǹkì ti gbóná sí i, tí gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní hílíọ́mù sì ti ru bí ìfófòó sínú rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù kẹta ni wọ́n tó rí i gbé fò.

Ẹ má rò pé ó gbóná bí omi ìwẹ̀ o. Bó ṣe gbóná tó yẹn, ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òtútù yóò gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà níbẹ̀: irú epo wo ni ìdúró tí kò tó wákàtí kan lè bà jẹ́?

Ohun tí à ń pè ní epo rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe epo nìkan. Iná kì í jó láìsí ọ́síjìn, kò sì sí ọ́síjìn lókè ọ̀hún. Bàálù tó ń gbé èrò láti Ìkẹjà lọ sí London ń fa afẹ́fẹ́ mu bó ṣe ń lọ ni. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ní láti di ọ́síjìn tirẹ̀ lẹ́rù láti ilé. Ẹrù náà kì í sì í ṣe kékeré. Fún kìlógíráàmù kẹrosíìnì kan tí Falcon 9 bá sun, ó ń lo ọ́síjìn tó lé ní kìlógíráàmù méjì. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n rọ sí i, kẹrosíìnì kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọ́síjìn ló gba ìyókù.

Bí ọ́síjìn yìí bá wà ní gáàsì, kò sí táǹkì tó lè gbà á. Ẹ wo bí sìlíńdà irin tí àwọn wẹ́dà ń yí lẹ́bàá títì ṣe wúwo tó, gáàsì inú rẹ̀ kò sì ju kìlógíráàmù mélòó kan lọ. Àfi kí wọ́n sọ ọ́ di olómi. Lítà kan ọ́síjìn olómi, bí ó bá padà di gáàsì, yóò gba àyè tó tó 860 lítà. Ó mọ́ gaara, ó sì ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́.

Inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí náà ni wọ́n ti ń rí i. Nínú 100 lítà afẹ́fẹ́, náítírójìn kó bíi 78, ọ́síjìn kó bíi 21, gáàsì ágọ́ọ̀nù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é á kọ́kọ́ sẹ́ eruku kúrò, á yọ ọ̀rinrin àti gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, torí àwọn wọ̀nyí á di yìnyín, wọ́n á sì dí páìpù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ gan-an. Ìfúnpọ̀ yẹn ń mú un gbóná, nítorí náà wọ́n á gba ooru yẹn lára rẹ̀, wọ́n á wá jẹ́ kó tú jáde sí ibi tó gbòòrò. Bó ṣe ń tú ló ń tutù. Wọ́n á fi èyí tó ti tutù mú èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn tutù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ yóò fi máa kán bí omi. Ní ọdún 1883, ní ìlú Kraków ní Poland, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Wróblewski àti Olszewski, ti rí ọ́síjìn olómi díẹ̀ nínú ìgò. Ṣùgbọ́n Carl von Linde, ọmọ Jámánì, ló sọ ọ̀nà yìí di iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá láti ọdún 1895.

Yíya ọ́síjìn sọ́tọ̀ ló kù. Náítírójìn ń hó ní dígírì 196 nísàlẹ̀ òdo, ágọ́ọ̀nù ní 186, ọ́síjìn ní 183. Ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó iṣẹ́ ṣe. Nínú òpó gíga kan tí wọ́n to pẹpẹ irin sí léra wọn, náítírójìn tó tètè ń hó á máa gòkè, ọ́síjìn á máa ṣàn wálẹ̀, yóò sì máa mọ́ sí i bó ṣe ń dé pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Ọ́síjìn ilé ìwòsàn àti ti rọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wáyé. Táńkà ló ń kó o lọ, nínú táǹkì oníkòòtù méjì tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde kí ooru má bàa rọ́nà wọlé.

Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kì í fi ṣeré. Ọ́síjìn fúnra rẹ̀ kì í jó, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí kì í mú jó. Gírísì tó lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù lásán lè di iná, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fọ gbogbo páìpù àti fáàfù tó bá máa kàn án bí ẹni fọ irinṣẹ́ dókítà. Bí ó bá dà sórí títì ọ̀dà, ẹni tó bá gbé bàtà lé e lè mú kó bú gbàù.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọ́síjìn bá ti wà ní 183 nísàlẹ̀ òdo, ó parí. Wọ́n á rọ ọ́ sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, yóò máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gáàsì á máa gba ojú ihò jáde, wọ́n á sì máa bu òmíràn kún un. Ìhó yẹn gan-an ni ààbò rẹ̀. Gbogbo ooru tó bá wọlé láti ìta, èyí tó hó ló ń gbé e jáde, ìyókù á wà ní 183 rẹ̀ láìyí padà. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún Saturn V tó gbé èèyàn lọ sí òṣùpá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni fún Space Shuttle. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rọ báyìí lè dúró fún wákàtí mélòó kan.

SpaceX kò fẹ́ èyí mọ́, torí àyè ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ kí ìpele kìn-ín-ní rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó kọ́kọ́ ń tì í gòkè, máa padà wá bà sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun tó bá sì máa bà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní epo tó máa fi bà. Wọn kò lè fẹ táǹkì náà ní ìdí, torí ojú títì ni wọ́n ń gbé e gbà láti California. Bó bá fẹ̀ ju mítà mẹ́ta àti díẹ̀ tó wà yẹn lọ, kò ní lè kọjá lábẹ́ afárá. Bí táǹkì kò bá ṣeé fẹ̀, àfi kí ohun inú rẹ̀ fúnra pọ̀. Lítà ọ́síjìn kan ní 183 nísàlẹ̀ òdo wúwo tó kìlógíráàmù 1.14. Bí ẹ bá mú un dé 207, lítà kan náà á sún mọ́ 1.25. Táǹkì tó ń gba 100 tọ́ọ̀nù tẹ́lẹ̀ á wá gba bíi 110, láìfi irin kún irin. Wọ́n mú kẹrosíìnì náà tutù, láti bíi dígírì 21 wá sí 7 nísàlẹ̀ òdo, èrè tibẹ̀ kéré ju ti ọ́síjìn lọ ṣùgbọ́n wọn kò fi sílẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 2015 ni Falcon 9 tí wọ́n ṣe báyìí kọ́kọ́ fò. Ìgbà yẹn náà ni ìpele kìn-ín-ní kọ́kọ́ padà wá dúró ṣánṣán sórí ilẹ̀ ní Florida. Gbogbo ayé ń wo ìbàsílẹ̀ náà. Èmi rò pé òtútù yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ kí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú un dé 207? Náítírójìn olómi ni wọ́n fi ń tù ú, ìyẹn náà sì dúró ní 196, kò lè tu ohun mìíràn kọjá ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ọgbọ́n inú àmù ni wọ́n dá. Omi inú àmù máa ń tutù ju omi inú ike lọ torí díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba ara amọ̀ yọ jáde, ó sì ń kó ooru ìyókù lọ. Bí wọ́n bá fi pọ́ǹpù fa gáàsì tó wà lórí náítírójìn olómi kúrò, kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó kíkankíkan, èyí tó ń hó lọ á sì máa mú èyí tó kù tutù ju 196 lọ. Páìpù ọ́síjìn ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wọn kò gbọdọ̀ ṣe àṣejù: ní 210 nísàlẹ̀ òdo, náítírójìn fúnra rẹ̀ á dì gbagidi, iṣẹ́ á dúró. Dígírì mẹ́ta péré ló wà láàárín 207 tí wọ́n ń wá àti ibi tí ohun tí wọ́n fi ń tù ú á ti di òkúta mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ aago ti wọlé. Ọ́síjìn tó wà ní 207 kì í hó. Títí yóò fi gbóná dé 183, kò ní ọ̀nà kankan tó lè gbà lé ooru jáde. Gbogbo èyí tó bá wọlé, inú rẹ̀ ló ń dúró sí. Láti ìṣẹ́jú tó bá ti fi táǹkì òtútù sílẹ̀ ló ti ń gbóná, tó sì ń wú. Irin lásán sì ni ara Falcon 9, wọn kò fi fóòmù bò ó bíi táǹkì Shuttle, oòrùn Florida ń pa á.

Nítorí náà, bí ó bá ku bíi ìṣẹ́jú 35 kí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra ni wọ́n máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́síjìn sí ìpele kìn-ín-ní. Ti ìpele kejì, ìyẹn apá òkè, ó di ìgbà tó bá ku bíi 16, ó sì ń wọlé títí yóò fi ku bíi ìṣẹ́jú méjì. Tọ́ọ̀nù lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló ń gba páìpù wọlé láàárín àkókò kékeré yẹn. Ẹni tó bá ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì á rí ohun funfun tó ń rú lára rẹ̀. Èéfín kọ́, iná kò tíì sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń dì níbi tó bá ti kan òtútù. Yìnyín tín-ín-rín á bo ara táǹkì ọ́síjìn, ẹ sì lè rí ibi tó mọ sí kedere. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá fò tán tó sì padà bà sílẹ̀, èéfín kẹrosíìnì á ti dú ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìdí ìkòkò, apá ibi tí yìnyín bò á sì mọ́ ju ìyókù lọ.

Kí ló wá burú nínú kí ọ́síjìn gbóná díẹ̀? Àkọ́kọ́, ó ń wú, kò sì ní gba iye tí wọ́n kà fún ìrìn àjò náà mọ́. Èkejì ló léwu jù. Pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Olómi ni wọ́n ṣe é fún. Bí olómi tó fẹ́ hó bá dé ẹnu rẹ̀, ìfófòó gáàsì á yọ, abẹ́ pọ́ǹpù á gé òfìfo, á sáré jù, ẹ́ńjìnnì á pàdánù agbára. Ọ́síjìn tó tutù jù ń fún wọn ní àyè kí ìyẹn má ṣẹlẹ̀, ọ́síjìn tó ti dúró pẹ́ ń gba àyè yẹn padà. Ìyẹn ni kọ̀ǹpútà rí lọ́jọ́ ọkọ̀ ojú omi yẹn tó fi pa iná.

Ẹnìkan á ní kí wọ́n ṣáà bu tútù kún un. Táǹkì ti kún, níbo ni wọ́n fẹ́ bù ú sí? Wọ́n ní láti fà á jáde, kí wọ́n tún tù ú, kí wọ́n tún rọ ọ́ wọlé, nígbà tí wọ́n bá sì fi ṣe tán, àkókò tí sátẹ́láìtì ní láti dé ọ̀nà rẹ̀ lè ti kọjá. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún SES-9 síwájú kó tó kan ti ọkọ̀, ní ọjọ́ 24 àti 25 oṣù kan náà, lórí ọ̀rọ̀ òtútù àti rírọ ọ́síjìn yìí kan náà.

Ṣùgbọ́n SES-9 fò nígbẹ̀yìn. Sátẹ́láìtì AMOS-6 kò fò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n ń rọ Falcon 9 kan ní Cape Canaveral kí wọ́n lè dán ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò lórí ìdúró. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ rí àmì àìdáa títí ìpele kejì fi fọ́, ìdá 93 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ni. Iná gba gbogbo rẹ̀, sátẹ́láìtì tó wà lórí rẹ̀ jó. Ènìyàn kankan kò fara pa. Facebook ti háyà àyè lórí sátẹ́láìtì náà láti fi gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Áfíríkà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì rèé, Mark Zuckerberg wà lọ́dọ̀ wa: ó ti ya ibùdó Co-Creation Hub ní Yaba, ó ti sáré lórí afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí, gbogbo Èkó ń pín fọ́tò rẹ̀. Kẹ́ńyà ni ìròyìn bá a, ó sì kọ ọ́ sórí Facebook pé ó dun òun gan-an.

Ìwádìí gba oṣù mẹ́rin. Nínú táǹkì ọ́síjìn ìpele kejì, wọ́n gbé sìlíńdà hílíọ́mù sí i. Hílíọ́mù yìí ni wọ́n fi ń dí àyè tí ọ́síjìn bá fi sílẹ̀, kí táǹkì má bàa sún kì. Inú sìlíńdà náà jẹ́ alumíníọ́mù, okùn kábọ́ọ̀nù ni wọ́n wé mọ́ ọn lára níta. Láàárín àwọn méjèèjì, àwọn ibì kan máa ń jìn wọnú díẹ̀, ọ́síjìn a sì máa rọ́ wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti wá ń rọ hílíọ́mù sí i, alumíníọ́mù á wú, á há ọ́síjìn yẹn mọ́ abẹ́ okùn. Hílíọ́mù tí wọ́n rọ lọ́jọ́ náà tutù tó ohun tó lè mú ọ́síjìn dì gbagidi, torí 219 nísàlẹ̀ òdo ni ọ́síjìn ti ń di yìnyín. Ọ́síjìn tó dì, tó há, tí okùn kábọ́ọ̀nù sì ń ha á lára: iná kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rọ hílíọ́mù padà, wọ́n mú kó gbóná díẹ̀ sí i, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ di ti ènìyàn. Láti ayé Apollo, ètò tó gbé èèyàn lọ sí òṣùpá, àṣà ibẹ̀ ni pé kí wọ́n rọ rọ́kẹ́ẹ̀tì kún, kó fara balẹ̀, kí àwọn tó ń lọ tó gun orí rẹ̀. Ọ̀nà SpaceX kò gba ìyẹn láyè. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn máa gun òkè lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ tán, ọ́síjìn á ti gbóná. Àwọn èrò gbọ́dọ̀ ti jókòó, kí wọ́n ti di bẹ́líìtì, kí ẹnì kan tó ṣí fáàfù. Thomas Stafford, tó ti fi Apollo 10 yí òṣùpá ká, tó sì ń ṣáájú ìgbìmọ̀ kan tó ń gba NASA, àjọ òfuurufú ìjọba Amẹ́ríkà, nímọ̀ràn, kọ̀ jálẹ̀ pé kò dáa kí èèyàn wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́, AMOS-6 sì fi kún ohun tó ń sọ. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ìdáhùn SpaceX ni pé ọ̀nà àtijọ́ náà ní ewu tirẹ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn èrò ń rìn kiri ní ẹ̀gbẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti kún. Nínú tiwọn, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí mọ́ bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ti múra ẹ́ńjìnnì àsálà ọkọ̀ Dragon tí àwọn èrò jókòó sí sílẹ̀ ṣáájú, tí yóò já a gbà kúrò lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, NASA gbà. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2020, Bob Behnken àti Doug Hurley jókòó sórí Falcon 9, wọ́n ń gbọ́ bí fáàfù ṣe ń ṣí tó ń pa nísàlẹ̀ wọn, wọ́n sì dé òkè láyọ̀.

Starship, rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tuntun tí SpaceX ń dán wò ní Boca Chica ní Texas, ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibòmíràn. Mítéènì olómi ló ń jó dípò kẹrosíìnì. Mítéènì yìí ló pọ̀ jù nínú gáàsì olómi tí ọkọ̀ ń kó ní Bonny, tó ń hó ní bíi 162 nísàlẹ̀ òdo. Mítéènì àti ọ́síjìn, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń mú tutù kọjá ibi ìhó wọn, àpapọ̀ wọn sì lé ní 4,500 tọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń rọ láàárín ohun tí kò pé wákàtí kan. Wàhálà tuntun tó bá a dé ni pé mítéènì ń dì ní nǹkan bíi 182 nísàlẹ̀ òdo, náítírójìn tí wọ́n fi ń tù ú sì wà ní 196. Bí wọn kò bá ṣọ́ ọ, inú páìpù ló máa dì sí.

Ètò wọn ni pé kí Starship máa gba epo lójú òfuurufú kó tó lọ sí òṣùpá fún NASA, kí ọkọ̀ kan gòkè, kí àwọn mìíràn tó jẹ́ táńkà tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì rọ ọ́ kún lókè. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọkọ̀ kan rọ ọ́síjìn láti inú táǹkì kan sí òmíràn nínú ara rẹ̀ nígbà tó ń fò lókè. Lókè ọ̀hún, kò sí ìsàlẹ̀ tí olómi á dúró sí. Ńṣe ni wọ́n ní láti máa ti ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọ́síjìn lè kóra jọ sí ẹnu páìpù. Oòrùn ń ta sí i, kò sì sí ẹ̀rọ ilẹ̀ tó máa tù ú. Iye táńkà tó gbọ́dọ̀ gòkè kí ọkọ̀ kan tó kún kò tíì dúró sójú kan, torí iye tó máa hó dànù láàárín ọ̀kan sí èkejì ló máa sọ ọ́.